Omi Inú Oko Doña Ermelinda

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Nolasco Ipanaqué dé oko Doña Ermelinda Chiroque láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkú kọ́ ló kọ́kọ́ rí. Obìnrin arúgbó kan ló rí tó ká yẹ̀rì rẹ̀ dé orúnkún, tó dúró nínú ẹrẹ̀ láàárín igi máńgòrò, tó ń fi abọ́ ìfọṣọ gbọ́n omi kúrò nídìí igi. Bó bá ti gbọ́n ọn, á wọ́ ẹsẹ̀ dé ojú ọ̀nà, á dà á nù, á sì tún padà. Omi bo oko náà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gbin ìrẹsì. Bí ogún èèyàn bá ń gbọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní tán. Síbẹ̀ kò dúró, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

Òkú wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn omi, níbi tí kòtò oníkọnkéré tó ń gbé omi láti adágún ti yà wọ oko rẹ̀. Wọ́n ti wọ́ ọ jáde, wọ́n sì fi àpò ìrẹsì bò ó. Teodomiro Nizama ni, olùṣọ́ omi, tí gbogbo àgbẹ̀ ìlú Hualtacal mọ̀ bí ẹni mowó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn omi wà. Òun ló ń ṣí i fún ẹni tí omi bá kàn, òun náà ló ń tì í. Lọ́dún ọ̀dá bí èyí, tí adágún ti fà títí egungun ẹran inú rẹ̀ fi yọ síta, ojú tí wọ́n fi ń wo Teodomiro ju èyí tí wọ́n fi ń wo àlùfáà lọ. Ìdì kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ń fì lára àgádágodo Doña Ermelinda. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti òru ni omi ti ń wọlé.

Comandante Rugel, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti débẹ̀ ṣáájú. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdí tí a fẹ́ wá.

"Ẹjọ́ yìí ti parí kí o tó dé, Ipanaqué," ló wí. "Oko ta ni omi wà? Arúgbó yìí ò lè ti ọkùnrin tó sanra tó báyìí ṣubú, ṣùgbọ́n ó ní ọmọkùnrin. Ọmọ náà sì bá òkú yìí jà lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn nílé ọtí Pascuala. Ìjà omi. Gbogbo ìlú ló gbọ́."

Ipanaqué ń wo abọ́ ìfọṣọ tó ń lọ tó ń bọ̀. "Kí ló dé tó ń gbọ́n ọn?" ló bèèrè.

"Ó fẹ́ bo àṣírí mọ́lẹ̀ ni."

"Abọ́ ìfọṣọ ló fẹ́ fi bò ó?"

Comandante yíjú sí ojú ọ̀nà. Eleuterio, ọmọ kan ṣoṣo tí Doña Ermelinda ní, ti wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo.

Ipanaqué bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ bá obìnrin náà. Ó kí i. Ó rọra gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mú un jókòó sórí gbòǹgbò igi kan.

"Màmá, kí lẹ rí?"

Ó ní ìró omi ló jí òun. Láti ìgbà tí òjò ti dá, òun kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọ oko yìí, nítorí náà nígbà tí òun gbọ́ tó ń dún, òun rò pé àlá ni. Òun sáré jáde láìwọ bàtà, òun sì rí Teodomiro tó dojú bolẹ̀ lẹ́nu àwọ̀n irin tó dábùú kòtò níwájú ilẹ̀kùn omi.

"Kí Ọlọ́run dárí jì mí," ló wí, "mo kọjá lára ẹ̀. Ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo fẹ́ tì í, irin náà le, apá mi ò ká a. Ìgbà tí mi ò rí i tì ni mo tó pariwo."

Ipanaqué mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu arúgbó náà ló ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó bi í pé kí ni omi ṣe tó burú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí gbogbo èèyàn ń sunkún omi.

Ó wò ó bí ẹni wo ọmọdé. "Òǹgbẹ ló ń mú kí máńgòrò yọ òdòdó, Inspẹ́kítọ̀. Òǹgbẹ àti òtútù. Lọ́dún tó kọjá, ooru ò jẹ́ kí òtútù dé, a ò rí èso kan ká. Ẹ̀wà la jẹ láàárọ̀, ẹ̀wà la jẹ lálẹ́, títí ẹ̀wà náà fi tán. Ọdún yìí òtútù tètè dé. Mo fi òǹgbẹ pa wọ́n títí ewé fi ká kò, ó ku díẹ̀ kí wọ́n tanná. Igi tó bá mumi lásìkò yìí, ewé ni yóò yọ. Ewé nìkan. Ta ni yóò ra ewé lọ́wọ́ mi?"

Aládùúgbò kan tó dúró lójú ọ̀nà fẹ́ tù ú nínú. Ó ní kó má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Doña Ermelinda yíjú sí i.

"Ì bá jẹ́ ó dànù," ló wí. "Oko mi ló dà sí."

Ó gba abọ́ rẹ̀ padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi.

Ní àgọ́, Eleuterio sọ pé ilé ni òun sùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i, ẹ̀rí ìyá kò sì tó nǹkan lójú òfin. Nígbà tí wọ́n bi í nípa ìjà ilé ọtí, ó ní lóòótọ́ ni, àwọn jà. Ó gbé orí kalẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Lójoojúmọ́ ni Doña Ermelinda ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti oko, á gbé abọ́ oúnjẹ kan sílẹ̀ lórí tábìlì ọlọ́pàá, á sì gbé ti àná, tí ọmọ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn, padà lọ.

Ipanaqué lọ sílé ọtí Pascuala. Obìnrin tó ń pọn ọtí àgbàdo náà ti sọ ìtàn ìjà ọ̀hún fún èèyàn púpọ̀ débi pé ó ti dùn lẹ́nu rẹ̀ bí orin. Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi adùn sílẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ tí Eleuterio fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Pascuala ronú. "Ó ní, 'Teodomiro, ilẹ̀kùn omi wa ń jò. Bí omi yẹn bá tún kan oko ìyá mi, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa wọ kòtò náà.' Bó ṣe wí nìyẹn."

"Kí ni Teodomiro wá ṣe?"

"Ó rẹ́rìn-ín, ó ra ọtí fún un. Mo gbọ́ pé ó lọ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì."

Ipanaqué gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Comandante. Ó ní ìjà omi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà kí omi má wọlé ni. Comandante ní ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀ yàtọ̀. Ṣé Eleuterio ò sọ pé àwọn máa jọ wọ kòtò? Ṣé Teodomiro ò sì wọ kòtò? Ó ní agbẹjọ́rò ìjọba ti fọwọ́ sí i, kí oṣù tó parí wọn yóò gbé Eleuterio lọ sí ẹ̀wọ̀n ńlá ní ìlú Piura. Bí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bá ní nǹkan mìíràn, kó tètè mú un wá.

Kò ní nǹkan mìíràn. Ipanaqué lọ sọ́dọ̀ opó Teodomiro. Hermila ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti sọ gbogbo ìbànújẹ́ rẹ̀ di ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ni ìkórìíra Doña Ermelinda. Nígbàkígbà tó bá kọjá níwájú oko náà, á tutọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ní igi máńgòrò ni wọ́n pa ọkọ òun, ara wọn ni wọn yóò fi san án. Ipanaqué jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá bi í pé kí ni Teodomiro ń wá lẹ́nu kòtò lóru, nígbà tí kò sí ẹni tí omi kàn.

Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkọ òun mú fìlà, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe oore kékeré kan fún ẹnì kan. Òun bi í pé ta ni. Teodomiro ní bí òun bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Oore. Ipanaqué gbé ọ̀rọ̀ náà lé àyà rìn káàkiri. Kò sí ẹni tí í ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a jà. Kò sì sí ẹni tí í pe omi ní oore fún igi tó ń fẹ́ òǹgbẹ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìwádìí dókítà ìlú ńlá tó dé. Fífọ́ ni ẹ̀yìn orí Teodomiro fọ́, kọnkéré ló fọ́ ọ, ó sì ti kú kó tó mu omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ bó yánnayànna, bí ara ẹni tí omi wọ́ lórí kọnkéré ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn Doña Ermelinda kò ní bó báyìí, nítorí àwọ̀n irin ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó lọ síbì kankan. Òkè kòtò ló ti ṣubú. Lókè níbẹ̀, láàárín oko Doña Ermelinda àti ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, oko méjì péré ló wà, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n gbìn sí méjèèjì.

Ipanaqué kọ́kọ́ lọ sí ti Santos Macalupú, nítorí pé òun ni ìlú yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọlọ́pàá ti mú un nítorí omi jíjí ju ìgbà kan lọ. Ọkùnrin náà kò dìde nílẹ̀ nígbà tó rí i.

"Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ yìí," ló wí. "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó fi aṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ẹ wọ inú oko, ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣílẹ̀kùn lóru ọjọ́ yẹn, inú oko tèmi lẹ ò bá ti máa rìn nínú ẹrẹ̀. Èmi kì í jalè fún ẹlòmíì."

Ipanaqué wọ inú oko. Ewé ti já tán lórí ọ̀pọ̀ igi, èyí tó kù ti pọ́n. Ilẹ̀ ti lanu.

Oko Baltazar Yovera ló tẹ̀ lé e sísàlẹ̀. Baltazar yàtọ̀ sí Santos bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ni bàbá ìsàmì àkọ́bí Teodomiro, òun ló sì gbé iwájú pósí nígbà ìsìnkú, tí ẹkún kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa. Ó gbé àga fún Inspẹ́kítọ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó ní kí ìyàwó òun bu omi mímu wá. Igi rẹ̀ kò sàn ju ti Santos lọ. Ó ní bàbá òun ló gbìn wọ́n, kò sì sí ọdún tí wọn kò so. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí omi kan òun síwájú. Kò gbé ohùn sókè bó ti ń sọ ọ́. Ńṣe ló ń fi àtàǹpàkò họ ìtì igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ipanaqué bi í bóyá omi kan oko náà láìpẹ́.

"Látìgbà àjọ̀dún Kànífà tó ṣáájú ààwẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan tó kan ilẹ̀ yìí, Inspẹ́kítọ̀. Mo fi ọmọ mi búra."

Ìlà igi méjì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn omi jù ni wọ́n ro nídìí, tí wọ́n sì da ewé gbígbẹ lé lórí. Èyí tó kù, wọn kò ro ó. Ipanaqué bi í pé kí ló ro níbẹ̀, nígbà tí ọ̀dá kò fi koríko kankan sílẹ̀. Baltazar ní èèrà ni òun ń lé. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ iyanrìn náà títí ó fi wọlé dé ìgúnpá. Eruku ni. Bí omi bá tilẹ̀ ti kàn án rí, oòrùn Piura ti mu ún tán.

Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ nù, ó dúró tó ń wo àwọn igi náà fún ìgbà pípẹ́. Bàbá tirẹ̀ náà gbin ọsàn wẹ́wẹ́ rí, nígbà tó wà lọ́mọdé lápá Chulucanas. Ó rántí ọdún ọ̀dá kan níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó rántí. Ó dúpẹ́ omi tó mu, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gun alùpùpù rẹ̀ gba ọ̀nà òkè kòtò kọjá láràárọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja inú kòtò kọ́ ló ń wá, ọsàn tí wọ́n ń fún sí ẹja tútù kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ló ń wá, nítorí lọ́dún yẹn ọsàn wẹ́wẹ́ ti wọ́n ju ẹja lọ lọ́jà. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bẹ agbẹjọ́rò ìjọba pé kó fún òun láyè díẹ̀ sí i. Agbẹjọ́rò ní kí ló ń retí. Kò lè sọ ọ́, torí bó bá sọ ọ́, Baltazar lè gbọ́, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Wọ́n fún un ní ìyókù oṣù.

Oṣù ń lọ. Eleuterio gbẹ bí ẹja yíyan. Dókítà àgọ́ ní bó bá ń bá a lọ báyìí, ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, Doña Ermelinda kò wá sí àgọ́. Ẹ̀rù ba Ipanaqué, ó sáré lọ sóko. Ó bá a tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kọjú sí oko. Gbogbo igi máńgòrò ló ti rúwé. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀mùnú ewé pupa rokoso jáde, wọ́n rọ̀, wọ́n ń dán nínú oòrùn, láti ìdí oko títí dé ojú ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọdún ayọ̀ ni.

"Ẹ wò ó bó ṣe lẹ́wà tó," ló wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Mo ti jí láti àárọ̀, mo ń wá òdòdó kan ṣoṣo. Mi ò rí i." Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n máa gbé e lọ, àbí? Ẹ má parọ́ fún mi. Ilẹ̀ yìí lọ, ọmọ náà lọ. Kí ni mo wá ń jí sí láràárọ̀?"

Ipanaqué jókòó tì í. Ohun tó ń wò kò kúrò lójú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Igi wọ̀nyí ti mu omi, wọ́n sì ti sọ ọ́ lọ́nà tiwọn. Igi òkè náà kò ní pẹ́ sọ tiwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta sí ìyẹn ni òórùn kan pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà òkè kòtò. Ó pa alùpùpù, ó gbé e ti igi, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn. Òórùn dídùn ni, tó mú díẹ̀, tí èèyàn kì í gbàgbé. Oko Santos gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó kọjá ibẹ̀. Nígbà tó yọ sí oko Baltazar, ó rí ìlà méjì àkọ́kọ́ tó funfun gbòò, oyin ń kùn lórí wọn. Ìyókù oko dúró lẹ́yìn wọn ní gbígbẹ, láìní ìtànná kan.

Baltazar wà láàárín ìlà méjèèjì. Ó so àpò mọ́ ọrùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì já òdòdó náà, ó ń dà wọ́n sínú àpò. Ẹ̀gún ọsàn ti ya ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára òdòdó. Ó hàn pé láti ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì já èyí tó wà lórí igi mẹ́ta tán.

"Ẹ kú iṣẹ́, Don Baltazar."

Kò yíjú. "Kòkòrò ló wọ̀ wọ́n, Inspẹ́kítọ̀. Bí mi ò bá já wọn, á ràn."

"Oyin ni mo rí."

Baltazar ń já a lọ. Ipanaqué sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi gbin ọsàn wẹ́wẹ́. Lọ́dún ọ̀dá kan, òǹgbẹ gbẹ wọ́n títí a fi rò pé wọ́n ti kú. Ìgbà tí wọ́n rí omi mu lẹ́ẹ̀kan péré, kò tó oṣù kan, wọ́n tanná bí ẹni ya wèrè. Máńgòrò bá mumi, ó rúwé. Ọsàn tí òǹgbẹ ti pa bá mumi, ó tanná. Ẹ fi ọmọ yín búra fún mi pé omi ò kan ilẹ̀ yìí. Ta ló wá fún ìlà méjì yìí lómi?"

Ọwọ́ Baltazar dúró lórí ẹ̀ka. Nígbà tó máa yíjú, ńṣe ló dà bí ẹni tí ara tù.

"Teodomiro ni," ló wí.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun bẹ Teodomiro títí, òun fi orúkọ ọmọ tí àwọn jọ gbé lọ síbi ìsàmì bẹ̀ ẹ́, pé kó ṣí omi fún òun fún wákàtí kan péré. Ó gbà nígbẹ̀yìn. Ó wá lóru, ó ṣí i, ó jókòó ti òun, àwọn jọ ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi. Nígbà tí wákàtí pé, omi kò tíì kọjá ìlà kejì. Teodomiro dìde láti tì í. Òun kúnlẹ̀, òun di irin mú. Teodomiro ní kí òun tú u sílẹ̀, pé òun lọ́mọ tí òun ń bọ́. Òun kò tú u. Ó fa irin, òun fà á, òun sì ti Teodomiro sẹ́yìn. Kò ju pé òun tì í lọ. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, orí rẹ̀ kan kọnkéré, omi sì gbé e. Òun sáré bá a lọ létí kòtò, òun ń pe orúkọ rẹ̀, títí àwọ̀n irin oko Doña Ermelinda fi dá a dúró. Nígbà tí òun kàn án lára, ó ti kú.

"Mo padà wá ti ilẹ̀kùn tèmi. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára àgádágodo ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá ibi tí omi wọ̀ lóru. Ó gbọ́dọ̀ wọ ibì kan, ni mo bá lọ fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ti Doña Ermelinda."

"Ẹ mọ ohun tí omi yẹn máa ṣe fún máńgòrò arúgbó yẹn."

"Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Hualtacal?" Baltazar wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Mo rò pé ọlọ́pàá ni kò ní mọ̀."

Ó nawọ́ kí Ipanaqué tó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n pe Hermila àti Doña Ermelinda sí ọ́fíìsì Comandante Rugel. Comandante fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́, nítorí agbẹjọ́rò ìjọba yóò bi òun. Ipanaqué dúró, kò jókòó.

"Abọ́ ìfọṣọ ló kọ́kọ́ sọ fún mi," ló wí. "Olè kì í gbọ́n ohun tó jí dànù. Pascuala sọ fún mi pé nítorí kí omi má wọlé ni Eleuterio ṣe bínú. Nígbà náà mo mọ̀ pé ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn kò wá omi fún máńgòrò, ó wá ibi tí yóò da ẹ̀bi sí ni. Doña Hermila sọ fún mi pé oore ni ọkọ òun lọ ṣe, oore tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú oore bẹ́ẹ̀, ẹni tó sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí la ń ṣe é fún. Santos kò sún mọ́ ọn. Ara òkú sọ fún wa pé òkè ló ti ṣubú. Oko méjì ló wà lókè. Ọ̀kan lára wọn, wọ́n ro ìdí igi lọ́dún tí kò sí koríko. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó fún adájọ́, torí ilẹ̀ ti gbẹ. Mo wá dúró de igi."

Comandante wo fèrèsé. Ó ní ó dára. Ó pàṣẹ kí wọ́n tú Eleuterio sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Hermila kò sunkún. Ó bi Ipanaqué lẹ́ẹ̀mejì bóyá Baltazar ni lóòótọ́, Baltazar tó gbé pósí. Nígbà tó dá a lójú, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ Doña Ermelinda kọjá láìwò ó, ó sì jáde.

Doña Ermelinda dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí Eleuterio yọ, ó fi ọwọ́ pa á lójú bí ẹni ń wá ibi tó ti dùn ún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Inspẹ́kítọ̀. Ó ní òun dúpẹ́. Ó tún ní, "Ta ni yóò wá dá ọdún náà padà fún wa?" Kì í ṣe pé ó ń retí ìdáhùn. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè ṣe, wọn kò sì nírètí púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá gé ọ̀mùnú ewé náà kúrò kó tó gbó, tí òtútù bá sì pẹ́ díẹ̀ sí i, igi díẹ̀ lè gbìyànjú láti tanná lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé ẹ̀ka kan, arúgbó nísàlẹ̀, Eleuterio lórí àkàsọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò tíì le. Oko náà tóbi. Ọwọ́ èèyàn méjì kò lè gé e tán kí ewé tó gbó, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ti ga nígbà tí Hermila yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára, àlùmọ́gàjí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí ibi tó ti máa ń tutọ́ sílẹ̀. Kò kí wọn, kò bẹ̀bẹ̀. Ó wọ ìlà tí wọn kò tíì dé, ó fa ẹ̀ka kan sílẹ̀, ó wò ó yí po, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gé e.

Doña Ermelinda dúró, ó ń wò ó. Ó rìn lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú àlùmọ́gàjí náà, ó sún un wá sísàlẹ̀ díẹ̀.

"Ibí," ló wí. "Má gé e jìn jù."

Hermila gé e. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tó kàn.